Odò Pupa Tí Kò Sí Lórí Òkè: Ìrìn Àwárí Zebulon Pike, 1805 sí 1807

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ènìyàn mi.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 1807, ọgọ́rùn-ún ọmọ ogun Sípéènì gun ẹṣin dé ìtòsí odi igi kékeré kan lẹ́bàá odò, ní apá gúúsù ibi tí à ń pè ní Colorado lónìí. Àsíá Amẹ́ríkà ló ń fẹ́ lókè odi náà. Ọ̀gá wọn wọlé, ó kí olórí ibẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní gómìnà àwọn ní Santa Fe gbọ́ pé wọ́n ṣìnà, òun ló sì rán àwọn wá. Olórí náà, tí kò ju ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lọ, yanu. Ó bèèrè pé ṣé kì í ṣe etí Odò Pupa ni òun wà ni. Wọ́n ní rárá, Río del Norte lẹ wà. Lójú ẹsẹ̀ ló pàṣẹ kí wọ́n sọ àsíá kalẹ̀, kí wọ́n ká a.

Río del Norte ni odò tí gbogbo ayé mọ̀ sí Rio Grande báyìí, ilẹ̀ Sípéènì ló sì wà nígbà náà. Odò Pupa ti Amẹ́ríkà ń bẹ ní ọ̀nà tó ju igba máìlì lọ síbẹ̀, orísun rẹ̀ sì wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Texas. Kò ti orí Òkè Rocky ṣàn wá rárá. Ẹni tó bá ń wá orísun rẹ̀ lórí òkè, á wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kí ló wá gbé ọ̀gágun tó láyà, tó ń kọ ohun tó rí sílẹ̀ lójoojúmọ́, dé ibẹ̀? Ojú tí èmi fi wò ó ni pé àwọn nǹkan kan wà tí òun àtàwọn tó rán an gbà gbọ́ láìwọ̀n, tí wọ́n wá rò mọ́ èyí tí wọ́n wọ̀n. Ibẹ̀ ni gbogbo ìyà náà ti wá, a ó sì máa rí i bí a ṣe ń bá ìrìn náà lọ.

Orúkọ ọkùnrin yìí ni Zebulon Montgomery Pike. New Jersey ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 1779. Ológun ni bàbá rẹ̀, orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń jẹ́. Bárékè ló dàgbà sí, kò lọ ilé ìwé gíga, ó fi ìwé kọ́ ara rẹ̀ ní èdè Faransé, èdè Sípéènì àti ìṣirò. Ní 1803, Amẹ́ríkà ra ilẹ̀ Louisiana lọ́wọ́ Faransé ní mílíọ̀nù 15 dọ́là, ilẹ̀ tó tó nǹkan bí 828,000 máìlì níbùú lóròó. Òǹrajà kò mọ ibi tí ọjà rẹ̀ parí sí. Òǹtajà náà kò mọ̀ ọ́n. Ààrẹ Jefferson fúnra rẹ̀ ló rán Lewis àti Clark lọ wo ilẹ̀ náà ní 1804. Ti Pike kò rí bẹ́ẹ̀: Jẹ́nẹ́rà James Wilkinson ló rán an, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ ológun, tó tún jẹ́ gómìnà ilẹ̀ tuntun náà ní St. Louis. Ohun tí Pike kò mọ̀ ni pé Wilkinson ń gba owó lábẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ Sípéènì. Amí wọn ni, nọ́mbà 13 ni wọ́n fi ń pè é nínú ìwé àṣírí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Iṣẹ́ kìíní bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ 1805. Kí Pike gòkè odò Mississippi, kí ó wá orísun rẹ̀, kí ó wo ibi tó dára fún ibùdó ológun, kí ó parí ìjà láàárín Dakota àti Ojibwe, ẹ̀yà méjì lára àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí àwọn oníṣòwò awọ tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé ilẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn. Ogún ọmọ ogun ni wọ́n fún un, ọkọ̀ odò kan tó gùn tó 70 ẹsẹ̀ bàtà, àti oúnjẹ oṣù mẹ́rin. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Oṣù mẹ́rin láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá nìyẹn. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e ló tó padà dé, ìyẹn oṣù mẹ́jọ ó lé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìlàjì oúnjẹ tí iṣẹ́ náà gbà ni kò sí nínú ọkọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí kúrò ní èbúté.

Ọkọ̀ irú ìyẹn ń jẹ ọjọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá dára, wọ́n á ta ìgbòkun. Bí kò bá dára, wọ́n á fi ọ̀pá gígùn ti ìsàlẹ̀ odò, àwọn tó di ọ̀pá mú á máa rìn láti iwájú ọkọ̀ lọ sí ẹ̀yìn, wọ́n á tún padà síwájú. Bí omi bá le jù, wọ́n á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á fi okùn wọ́ ọ létí odò. Àwọn igi ńlá tó ti wó sínú omi a sì máa gún ìdí ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé Prairie du Chien, Pike fi ọkọ̀ ńlá náà sílẹ̀, ó mú àwọn kéékèèké.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, ní erékùṣù tó wà níbi tí odò Minnesota ti pàdé Mississippi, ó bá àwọn Dakota ṣe àdéhùn ilẹ̀. Èyí yẹ ká dúró lé lórí díẹ̀. Olórí méje ló jókòó, méjì péré ló fọwọ́ sí i. Ilẹ̀ náà tó nǹkan bí 100,000 éékà. Níbi tó yẹ kí iye owó wà nínú ìwé, àlàfo ni wọ́n fi síbẹ̀. Ẹ̀bùn tí Pike pín lọ́jọ́ náà kò ju nǹkan bí 200 dọ́là lọ, ó sì ṣèlérí 60 gálọ̀nù ọtí. Òun kan náà ló kọ̀wé sí Wilkinson pé ilẹ̀ náà tó 200,000 dọ́là. Ní 1808, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà kọ 2,000 dọ́là sínú àlàfo yẹn, ààrẹ kankan kò sì kéde àdéhùn náà rí. Síbẹ̀, orí rẹ̀ ni wọ́n dúró lé láti kọ́ Fort Snelling lẹ́yìn 1819, àyíká ibẹ̀ sì ni Minneapolis àti St. Paul wà lónìí. Àwa tí a mọ bí ọ̀ràn ilẹ̀ ṣe ń rí nílé kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìwé tí wọ́n fi àlàfo sí fún wa.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ni yìnyín dì wọ́n lọ́nà nítòsí ibi tí à ń pè ní Little Falls. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ogun ti kú nínú omi, ọkọ̀ ń jò. Ó ní kí wọ́n kọ́ ilé igi. Wọ́n gbẹ́ ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ láti fi máa lọ, èyí tí wọ́n kó ẹ̀tù sí sì rì. Ẹ̀tù ìbọn ayé ìgbà náà, èédú igi, imí ọjọ́ àti iyọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní saltpetre ni. Iyọ̀ yìí kó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀. Bí omi bá kàn án, iyọ̀ náà á yọ́, á ṣàn kúrò. Bí ó bá kàn rin díẹ̀, ó ṣeé gbà là: kí wọ́n tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí aṣọ nínú oòrùn, jìnnà sí iná. Oòrùn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ kò sí ní Minnesota lóṣù Kẹwàá. Pike da ẹ̀tù sínú ìkòkò, ó gbé e kaná. Ó bú gbàmù. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ pé díẹ̀ ló kù kí ó gbé àgọ́ kan lọ pẹ̀lú ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta. Kò fi bò, mo sì yìn ín fún ìyẹn.

Nígbà tó di oṣù Kejìlá, ó mú díẹ̀ nínú wọn, wọ́n ń fi okùn fa ẹrù lórí pátákó tí wọ́n tẹ̀ nímú, èyí tí ń fà lórí yìnyín. Omi tó dì kì í nípọn bákan náà káàkiri. Ibi tí odò ti ń sáré lábẹ́ rẹ̀, fẹ́lẹ́ ló máa ń wà. Ọ̀kan nínú àwọn pátákó náà já sódò, ẹ̀tù tún rin. Èyí tí wọ́n ti dì fún ìbọn àti èyí tí Pike mú fún ìlò ara rẹ̀ bàjẹ́, èyí tó wà nínú àgbá kékeré àti nínú ìgò yè. Ìgò tí wọ́n dé dáadáa kì í jẹ́ kí omi wọlé. Ní òru ọjọ́ 4 oṣù Kìíní, àgọ́ rẹ̀ gbiná. Ẹ̀tù wà nínú rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Ohun tó jóná ni bàtà awọ, ìbọ̀sẹ̀ àti ìbora ẹsẹ̀ rẹ̀. Nínú ìlú, ìyẹn kò tó nǹkan. Níbi tí kò sí ọjà, tí yìnyín dé orúnkún, ẹsẹ̀ ènìyàn ló jóná yẹn.

Àwọn oníṣòwò North West Company, tó yẹ kó lọ lé, ló gbà á sílé ní Sandy Lake àti Leech Lake, tí wọ́n fún un ní oúnjẹ. Ó jẹun wọn tán, ó ta àsíá Amẹ́ríkà. Àsíá Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà lórí ọ̀pá. Ó ní kí àwọn tó ń yìnbọn yìn ín títí ìṣó irin tó dì í mú fi kán. Ọjọ́ 10 oṣù Kejì 1806 nìyẹn. Ó wá kéde pé Leech Lake ni olórí orísun Mississippi. Kì í ṣe òun. Lake Itasca ni, èyí tí Ozawindib, olórí Ojibwe kan, mú Henry Schoolcraft lọ bá ní 1832. Ìdí àṣìṣe náà rọrùn: ẹni tó bá dé adágún ní oṣù Kejì, funfun ló máa rí. Èyí tó jẹ́ odò àti èyí tó jẹ́ pápá, ọ̀kan náà ni lójú. Odò kékeré tó ń wọ adágún láti ibí àti èyí tó ń wọ̀ ọ́ láti ọ̀hún, kò sí bí ènìyàn ṣe lè wọn èyí tí omi rẹ̀ pọ̀ jù, torí abẹ́ yìnyín ni omi wà. Àkókò tó fi lọ ni kò jẹ́ kí ó rí ohun tó lọ wò.

Ní ọdún 1805 yẹn gan-an, Mungo Park wà ní ọ̀nà Odò Ọya, tòun ti oyè káápútẹ̀nì tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un àti ọmọ ogun tó ju ọgbọ̀n lọ. Òjò ni tirẹ̀. Ó gbéra ní Gambia nígbà tí òjò ku díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, ibà sì ti pa ọ̀pọ̀ jù nínú wọn kó tó rí odò. Bussa ló kú sí lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Oṣù tí kò dára, lórílẹ̀ méjì, lọ́dún kan.

Pike kò lò tó oṣù mẹ́ta nílé kí Wilkinson tó tún rán an. Ọjọ́ 15 oṣù Keje 1806 ló kúrò nítòsí St. Louis, pẹ̀lú nǹkan bí ogún ọmọ ogun, ọmọ Wilkinson tó jẹ́ lẹ́fútẹ́náǹtì, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ John Robinson, àti ògbufọ̀ wọn, Vásquez. Wọ́n tún ní kí ó sin ènìyàn 51 tó jẹ́ ẹ̀yà Osage padà sílé, èyí tí àwọn ọ̀tá ti kó lẹ́rú tẹ́lẹ̀ lára wọn. Lẹ́yìn náà, kí ó lọ bá àwọn ẹ̀yà Pawnee àti Comanche sọ̀rọ̀ àlàáfíà, kí ó wo orísun odò Arkansas, kí ó wá gba etí Odò Pupa padà wálé. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí ni kòtò. Àwọn máàpù ayé ìgbà náà fa Odò Pupa láti orí òkè, bíi pé òun àti Arkansas jọ sùn lórí ìrọ̀rí kan ni. Ẹnikẹ́ni kò tíì lọ wò ó lára àwọn tó ya máàpù. Ẹni tó kọ àṣẹ gba máàpù gbọ́, ẹni tó gba àṣẹ náà gbà á gbọ́.

Aṣọ ìgbà ooru ni wọ́n wọ̀, ṣòkòtò aṣọ òwú. Èrò wọn ni pé kí òtútù tó dé, àwọn á ti sọ̀kalẹ̀ sí gúúsù. Ṣùgbọ́n ìrìn odò, ìdúró ra ẹṣin ní ìlú Osage, àti àpérò, gbogbo rẹ̀ jẹ ọjọ́. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n tó dé ìlú Pawnee lẹ́bàá odò Republican. Sípéènì ti ṣáájú wọn débẹ̀: lẹ́fútẹ́náǹtì wọn kan, Facundo Melgares, ti kó ogun ẹlẹ́ṣin ńlá jáde láti New Mexico, 600 ọmọ ogun nígbà tí wọ́n ń gbéra. Ó fún àwọn Pawnee ní àsíá, ó sì padà lọ. Pike ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, kí wọ́n ta ti Amẹ́ríkà. Gbogbo àgbàlá dákẹ́ rọ́rọ́. Ọkùnrin àgbàlagbà kan dìde, ó mú àsíá Sípéènì wá sí ẹsẹ̀ Pike, ó ta tuntun náà. Pike rí i pé ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì, ó dá àsíá ti tẹ́lẹ̀ padà fún wọn, ó ní kí wọ́n máà ta á níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì wà níbẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó ṣe lọ́dún méjì yìí, èyí ló gbọ́n jù.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá, nígbà tí wọ́n ti dé odò Arkansas, wọ́n pín. Wilkinson ọmọ sọ̀kalẹ̀ odò pẹ̀lú ọmọ ogun márùn-ún. Igi kò pọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n lè gbẹ́ ọkọ̀ tó pọ̀, nítorí náà wọ́n na awọ ẹfọ̀n mẹ́rin àti awọ àgbọ̀nrín ńlá méjì sórí férémù igi, wọ́n fi ṣe ọkọ̀ kan. Àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù tẹ̀ lé Pike lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Oṣù Kọkànlá ti fẹ́ wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ padà, ọjọ́ yẹn ló yẹ kó padà.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá, Pike rí ohun kan lókèèrè bí àwọsánmà búlúù kékeré. Òkè ni. Òun ni ayé ń pè ní Pikes Peak báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan orí rẹ̀ láéláé. Wọ́n fi igi ṣe ọgbà ààbò níbi tí ìlú Pueblo wà lónìí, òun, Robinson àti ọmọ ogun méjì sì gbéra láti lọ gùn ún. Wọ́n rò pé ọjọ́ kan tó. Atẹ́gùn ibẹ̀ gbẹ, ojú ọjọ́ mọ́ ketekete, ohun tó jìnnà a sì máa dà bíi pé ó wà nítòsí. Ẹni tó bá dàgbà síbi tí ọ̀rinrin pọ̀ ni ojú rẹ̀ máa ń tàn jẹ jù. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n tó dé téńté òkè mìíràn, yìnyín dé ìbàdí wọn, kò sí ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni. Láti ibẹ̀, òkè tí wọ́n ń wá ṣì wà ní máìlì 15 tàbí 16. Tẹmómítà wọn wà ní 4 lábẹ́ òdo. Ìwọ̀n Réaumur ló ń lò, èyí tí omi ń hó ní 80, nítorí náà −5 ni ní ìwọ̀n Celsius. Wọ́n padà.

Ìṣirò gíga òkè náà ló ṣàfihàn gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ bọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n á wọn ìlà tààrà kan lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, tiwọn jẹ́ máìlì kan. Ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wo bí orí òkè ṣe ga sókè ojú, wọ́n á kọ igun rẹ̀ sílẹ̀. Láti inú ìyàtọ̀ igun méjèèjì ni wọ́n á ti ṣírò gíga. Àléébù rẹ̀ ni pé bí òkè bá jìnnà, tí ìlà sì kúrú, ìyàtọ̀ igun á kéré débi pé bí ọwọ́ bá gbọ̀n díẹ̀, gíga á fò sókè. Síbẹ̀, 10,581 ẹsẹ̀ bàtà ni Pike rí láti pẹ̀tẹ́lẹ̀ dé orí, kò sì burú fún ẹni tó wà nínú òtútù: òótọ́ rẹ̀ wà ní àyíká 9,400. Ó wá kù kí ó mọ bí pẹ̀tẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe ga sí òkun tó. Èyí, kò wọ̀n ọ́n. Ó ní ká gbà pé ó jẹ́ 8,000, ó rò ó pọ̀, ó kọ 18,581. Òkè náà jẹ́ 14,115. Ilẹ̀ Pueblo kò tó 5,000. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àṣìṣe náà wá láti inú nọ́mbà tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n, òun sì ni nọ́mbà tó dá dúró ṣinṣin jù lójú ìwé.

Níbi tí Arkansas ti jáde láàárín òkúta, Pike sọ odò nù. Àfonífojì tóóró tí wọ́n ń pè ní Royal Gorge ló wà níbẹ̀, ògiri òkúta rẹ̀ ga ju 1,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ, ẹṣin kò lè wọ̀ ọ́. Ó gbà pé odò ti fẹ́ parí síbẹ̀, ó tẹ̀ lé ipasẹ̀ àwọn ẹṣin lọ sí àríwá. Ó rí South Platte, ó sì mọ̀ ọ́n. Ó yí sí gúúsù, ó kọjá òkè, ó bọ́ sí odò kan tó ń sáré, ó ní Odò Pupa rèé. Arkansas ni, apá òkè rẹ̀. Sextant, irinṣẹ́ ìwọ̀n igun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, lè sọ bí ó ṣe jìnnà tó sí ìlà agbedeméjì ayé nípa wíwo oòrùn ọ̀sán, ṣùgbọ́n sextant kì í sọ orúkọ odò. Ti ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn tún le jù: aago tó péye ló gbà, bí aago bá sì fi ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣìnà, ó ti ju àádọ́ta máìlì lọ lórí máàpù.

Wọ́n ṣe Kérésìmesì lẹ́bàá odò yẹn, nítòsí ibi tí ìlú Salida wà. Wọ́n ti pa ẹfọ̀n mẹ́jọ, ẹran pọ̀, iyọ̀ kò sí. Wọ́n ti gé bùláńkẹ́ẹ̀tì ṣe ìbọ̀sẹ̀, nítorí náà ohun tí wọ́n fi bo ẹsẹ̀ lọ́sàn-án ni wọn kò rí fi bora lóru. Awọ ẹfọ̀n tútù ni wọ́n rán ṣe bàtà. Awọ tí wọn kò pa láró, bí ó bá rin á fẹ̀, bí ó bá gbẹ á le bí igi, á sì máa bó ẹsẹ̀. Lóru wọ́n á dùbúlẹ̀ ti iná: ìhà kan ń jóná, ìhà kejì ń gan. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ gba inú àfonífojì lórí omi tó dì, ẹṣin ń ṣubú lórí òkúta. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní 1807 tó jẹ́ ọjọ́ ìbí rẹ̀, Pike gun òkè kan, ó wolẹ̀, ó rí ibùdó tí wọ́n ti sùn sí nínú oṣù Kejìlá. Wọ́n ti yí po fún nǹkan bí oṣù kan.

Nítorí ọjọ́ yẹn ni èmi kò ṣe gbà pẹ̀lú àwọn tó ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣìnà kí ó lè ṣe amí fún Wilkinson. Kò sí amí tó ń yí òkè po nínú yìnyín láìní ìbọ̀sẹ̀ kó tó lọ síbi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn, mi ò lè gbèjà rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ó kọ́ ilé igi kékeré kan, ó fi Vásquez àti ọmọ ogun kan ti àwọn ẹṣin tó ti rẹ̀. Ní ọjọ́ 14, àwọn mẹ́rìnlá gbéra lọ sí gúúsù, olúkúlùkù ru 70 pọ́ùn. Ní ọjọ́ 17 wọ́n la odò kan kọjá, ẹsẹ̀ wọn rin, tẹmómítà sì bọ́ sí 18 àbọ̀ lábẹ́ òdo Réaumur, −23 ní Celsius. Ẹsẹ̀ ènìyàn mẹ́sàn-án kú mọ́ wọn lára, àwọn ọdẹ wọn sì wà lára wọn. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọn kò fi ẹnu kan oúnjẹ kí Pike àti Robinson tó rí ẹfọ̀n pa. Nígbà tí ebi tún dé lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ ogun kan sọ̀rọ̀ jáde pé ó ju agbára ènìyàn lọ kí a máa rìn nínú yìnyín ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta fún ọjọ́ mẹ́ta láìjẹun, ká tún máa ru ẹrù ẹṣin. Lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán, Pike dá a lóhùn pé bí ó bá tún sọ irú rẹ̀, ikú ni. Òótọ́ sì ni ọkùnrin náà sọ. Ṣáájú ìyẹn, wọ́n ti fi John Sparks àti Thomas Dougherty sílẹ̀ lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹran, nítorí wọn kò lè dúró lórí ẹsẹ̀ wọn mọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n tún fi ẹnì kan sílẹ̀.

Àwọn tó kù gba orí òkè Sangre de Cristo kọjá, wọ́n rí òkìtì yanrìn ńlá ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n dé odò kan ní ọjọ́ 30. Odò Pupa, Pike tún ní. Wọ́n lọ sókè odò Conejos ní nǹkan bí máìlì márùn-ún, wọ́n kọ́ odi: 36 ẹsẹ̀ bàtà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, gíga rẹ̀ 12, yàrà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin yí i ká, omi kún inú rẹ̀. Kò sí ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á fàyà fà lórí pátákó kan kọjá yàrà, á gba ihò wọlé. Odi náà dára. Àmọ́ ẹ wo ibi tó wà: ìwọ̀ oòrùn odò ńlá ni Conejos ti ń ṣàn wọ̀ ọ́. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ Odò Pupa ni odò ńlá yẹn lóòótọ́, etí tí Sípéènì ń pè ní tirẹ̀ ló kọ́ ọ sí. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì, Robinson dá gbéra, ó kọrí sí Santa Fe, ó ní òun fẹ́ lọ gba gbèsè tí oníṣòwò Kaskaskia kan ní lọ́wọ́ ẹnì kan tó kó ọjà rẹ̀ sá lọ síbẹ̀. Gbèsè náà wà lóòótọ́, àwáwí sì ni. Ẹni tó gbà pé òun wà létí Odò Pupa, báwo ló ṣe mọ̀ pé Santa Fe kò jìnnà?

Pike rán ènìyàn padà lọ kó àwọn tó wà lẹ́yìn. Sparks àti Dougherty kò lè rìn. Wọ́n fi egungun ìka ẹsẹ̀ tó ti já kúrò lára wọn ránṣẹ́ sí i, wọ́n fi gbogbo ohun mímọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má fi àwọn sílẹ̀ láti kú. Ó tún rán ènìyàn. Wọ́n yè, ṣùgbọ́n wọn kò lo ẹsẹ̀ wọn bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́.

Àwọn ará Sípéènì mú wọn dé Santa Fe ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, wọ́n mú wọn dé Chihuahua lọ́dọ̀ Jẹ́nẹ́rà Nemesio Salcedo, wọ́n sì gba ìwé Pike. Melgares ló sìn ín lọ, wọ́n di ọ̀rẹ́. Láti ìgbà náà, ohun tó bá rí ló ń kọ sórí ìwé péńpé, á ká a, á sì tì í sínú ihò ọ̀pá ìbọn àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ọjọ́ 1 oṣù Keje 1807 ló dé Natchitoches ní Louisiana. Díẹ̀ lára àwọn ọmọ ogun náà pẹ́ lẹ́yìn. Sájẹ́ǹtì kan tó pa ẹnì kejì rẹ̀ nínú ìjà lo ju ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́wọ̀n Sípéènì.

Ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1810 rí rúdurùdu, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò kà á. Pike ti kọ iye ọjà New Mexico síbẹ̀: àgùntàn kan 1 dọ́là, aṣọ tó dára 20 sí 25 dọ́là lórí yáàdì kan. Ẹni tó ń tajà ní St. Louis kò nílò àlàyé kejì. Ọ̀nà Santa Fe ṣí nígbà tí Mẹ́síkò gba òmìnira ní 1821. Ó tún kọ ọ́ pé pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà lè gbajúmọ̀ bí aṣálẹ̀ Áfíríkà. Orí ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ń gbin àlìkámà lónìí. Máàpù ìhà gúúsù rẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ti Alexander von Humboldt, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì, Humboldt sì bínú. Ìgbìmọ̀ aṣòfin kò fún un ní owó àfikún kankan. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin 1813, ó ti di jẹ́nẹ́rà, ó ń kógun ja York tí à ń pè ní Toronto lónìí, nígbà tí ilé ẹ̀tù àwọn Gẹ̀ẹ́sì bú gbàmù, tí òkúta sì fọ́ ọ mọ́lẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Àwọn ìwé tí Salcedo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ wà ní Mẹ́síkò fún ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó dá wọn padà ní 1910.

Odò Pupa ńkọ́? Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún Stephen Long, ọ̀gágun mìíràn tí wọ́n rán lọ ní 1820. Edwin James tó wà lára àwọn ènìyàn rẹ̀ gun òkè tí Pike kò lè gùn. Nígbà tí wọ́n ń padà, Long bọ́ sí odò kan, ó tẹ̀ lé e sọ̀kalẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ó ní Odò Pupa ni, títí odò náà fi da wọ́n sínú Arkansas. Canadian ni. Ó di 1852 kí Káápútẹ̀nì Randolph Marcy tó ṣe òdìkejì ohun tí gbogbo wọn ti ṣe: ìsàlẹ̀, níbi tí gbogbo ènìyàn ti mọ Odò Pupa dájú, ló ti bẹ̀rẹ̀, tí ó ń tẹ̀ lé e gòkè, títí ó fi rí ibi tí ó ti ń sun jáde láàárín àwọn àfonífojì gbígbẹ ní Texas, tí kò sí òkè kankan nítòsí.